Téèpù Tí Kì í Pariwo

Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ọ̀gá télọ̀ kọ́kọ́ fà yọ nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, kì í ṣe téèpù. Ó so ó yí ìbàdí ọmọ náà ká lórí síńgílẹ́ẹ̀tì, kò fún, kò sì dẹ̀ débi tí yóò fi já bọ́. Ó ní, "Ọ̀gá mi, tẹ̀ sọ́tùn-ún. Ó dáa. Tẹ̀ sósì. Jókòó. Dìde. Bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ mú bọ́ọ̀lù nílẹ̀." Ọmọ náà ń ṣe é, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Nígbà tó fi máa nàró tán, rọ́bà ti kúrò níbi tí wọ́n so ó sí. Ó ti wá ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn lọ: ó gòkè díẹ̀ lẹ́yìn, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ níwájú, lábẹ́ ikùn. Ìgbà yẹn ni télọ̀ tó fa téèpù kúrò lọ́rùn ara rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí rọ́bà dúró sí yẹn ni ìbàdí rẹ̀. Ibi tí èmi àti ẹ̀yin rò pé ó wà kọ́."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ọmọ náà. Ọmọ ọdún 11 ni, ó fẹ́ wọ JSS1 ní oṣù Kẹsàn-án, ó sì sanra. N kò ní fi ọ̀rọ̀ yí i ká. Ìyá rẹ̀ sanra. Bàbá wa, tí wọ́n jẹ́ bàbá ìyá rẹ̀, sanra títí wọ́n fi kú, kò sì sí ẹni tó tìtorí ẹ̀ fún wọn lórúkọ kankan. Ọmọ yìí ní tirẹ̀, Ọbáníkòró ló ń gbé, níbi tí ẹni tó bá ti ní ẹran lára díẹ̀ á ti di "Ọ̀rọ̀bọ̀" kó tó rìn dé ilé kẹta sí tiwọn. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí lára rẹ̀ kì í ṣe ikùn. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni. Ọwọ́ náà kì í kúrò ní ìbàdí. Bó bá ń sáré, ó di ṣòkòtò mú. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn, ó di ṣòkòtò mú. Bó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí àgbàlagbà, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń kan ilẹ̀.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ télọ̀ yìí, Sátidé mẹ́ta la ti fi rìn. Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ, ọmọbìnrin tó ń tajà wo ọmọ náà látòkè délẹ̀, ó kígbe sí ẹnìkejì rẹ̀ tó wà lórí àkàbà: "Bá mi wo ti ọ̀rọ̀bọ̀ lókè yẹn!" Kò ní ìkà nínú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ náà fà mí lápá pé ká máa lọ, pé èyí tó wà nílé ṣì dára.

Mo ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé nọ́ńbà tó wà lára aṣọ ọmọdé, ọjọ́ orí ló ń sọ. Gíga ló ń sọ. Aṣọ tó wá láti Yúróòpù tilẹ̀ ń sọ ọ́ ní gbangba: 146, 152, 158. Sẹ̀ǹtímítà ni, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn á kọ ọdún, wọ́n á wá kọ gíga sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó gé aṣọ yẹn ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ tó bá ga tó báyìí, ìbàdí rẹ̀ kò ní ju báyìí lọ. Bí ìbàdí ọmọ tìrẹ bá wá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ọmọ tó ga jù ú lọ ni wọ́n máa nà sí ọ. Aṣọ tó fẹ̀ lo béèrè, aṣọ tó gùn ni wọ́n gbé fún ọ.

Ká mú ọmọ kan tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 34. (Kì í ṣe ọmọ tiwa. Nọ́ńbà tiwa kò ní jáde níhìn-ín, ìdí rẹ̀ á hàn láìpẹ́.) Inú ẹsẹ̀ rẹ̀, láti ibi tí itan méjèèjì ti pàdé dé ọrùn ẹsẹ̀, lè má ju íǹṣì 25 lọ. Ṣòkòtò àgbàlagbà tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ 34 sábà máa ń ní ẹsẹ̀ tó tó íǹṣì 30 tàbí 32. Ẹ gé íǹṣì méje kúrò nísàlẹ̀, ẹ rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí. Ibi tí wọ́n ṣe fún orúnkún ti sọ̀ dé ojúgun. Ibi ìpàdé itan ń fì nísàlẹ̀ bí àpò tí wọ́n so mọ́ igi, bí ọmọ bá sì gbé ẹsẹ̀, aṣọ á kọ́kọ́ rìn kó tó kan ẹsẹ̀. Apá tó yẹ kó fún díẹ̀ nísàlẹ̀ ni wọ́n gé sọnù, èyí tó kù wá ń gbálẹ̀ bí ìgbálẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá wọ irú ẹ̀ fún, á sanra lójú ju bó ṣe sanra lára lọ.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ní 2022, àwọn ọmọ àti ọ̀dọ́ láti ọdún 5 dé 19 tí ara wọn tóbi ju bó ṣe yẹ lọ lé ní mílíọ̀nù 390 káàkiri ayé. Dókítà ní ohun tí yóò sọ nípa ìyẹn, a sì ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà tiwa. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń wọ ṣòkòtò, òní sì ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá tó fọn tán.

A lọ sí Yábà, nídìí òkìríkà. Mo gbọ́dọ̀ yin àwọn ènìyàn yẹn. Òkìríkà wà lára ọjà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù fòfin dè pé kó má wọ Nàìjíríà, òun náà ló sì kún ojú ọ̀nà láti ìdí rélùwéè títí dé ẹnu ọjà. Ẹni tó ń tà á kò ní téèpù. Ojú ló fi ń wọ̀n. Ó wo ọmọ wa lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òkìtì, ó ń ju èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ sẹ́yìn láìwò ó, ó fa méjì jáde. Nínú béèlì tó bá wá láti Amẹ́ríkà, ó mọ lébẹ́ẹ̀lì tó ń wá: Husky ni wọ́n kọ sí i, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń lò tipẹ́ fún aṣọ ọmọkùnrin tó ki. Aṣọ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ìbàdí fẹ̀, itan fẹ̀, ẹsẹ̀ kò gùn sí i. Nínú báǹdì, rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n lu ihò sí, bọ́tìnì ń bẹ lọ́tùn-ún lósì tí wọ́n fi ń fà á mọ́ra tàbí dẹ̀ ẹ́. A ra ọ̀kan. Ó bá a mu. Àmọ́ àwọ̀ ewé ni, tí àpò wà ní orúnkún, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ tó máa gba ìyẹn ní yúnífọ́ọ̀mù. Ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń lọ ní yúnífọ́ọ̀mù tí wọ́n ti rán sílẹ̀, kékeré, àárín àti ńlá. Ńlá kò gba itan rẹ̀. Wọ́n gbà pé ká lọ ra aṣọ náà ní ọ̀pá, ká lọ rán an níta. Báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe rántí télọ̀ tí aládùúgbò rẹ̀ kan ń yìn.

Ṣọ́ọ̀bù náà yà kúrò ní Ìkòròdú Road bí ẹni ń wọ inú Ṣómólú lọ, kò jìnnà sí afárá ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ̀rọ Butterfly ẹlẹ́sẹ̀ kan, tábìlì ìgéṣọ kan tí etí rẹ̀ ti dán nítorí ikùn ọ̀gá tó ń fara tì í (òun náà kò kéré), áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́ẹ̀dú fún ọjọ́ tí iná bá lọ, àti ọmọṣẹ́ kan tó máa ń ki fóònù bọ abẹ́ aṣọ oníbàárà. Mo rò pé iṣẹ́ wíwọ̀n ò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. A lo bí ogójì.

Bí wọ́n ṣe ń wọn ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó ni pé ọ̀gá á máa fa téèpù, ọmọṣẹ́ á máa kọ ọ́, nọ́ńbà á máa fò láàárín àwọn méjèèjì bí bọ́ọ̀lù: "Ṣódà! Ṣẹ́ẹ̀sì! Tọ́mì!" Tó bá ti kan tọ́mì yìí, gbogbo àdúgbò á dákẹ́ gbọ́. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà á yíjú. Ọmọ á fa ikùn wọlé, á sé èémí mọ́nú, nọ́ńbà tí wọ́n bá sì kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, irọ́ ni. Yàtọ̀ sí pé ó ń dun ọmọ, ó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ara tó ti ń sá pamọ́, téèpù kò lè rí i.

Télọ̀ yìí kì í pe nọ́ńbà. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó rán ọmọṣẹ́ pé kó lọ ra òwú búlúù wá, bẹ́ẹ̀ òwú búlúù kún agolo kan lórí fèrèsé. Ó fa téèpù, ó fi àtàńpàkò tẹ ibi tó dé, ó rìn lọ sídìí tábìlì pẹ̀lú àtàńpàkò náà lórí téèpù, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó padà wá fún òmíràn. Bó ṣe lọ tó bọ̀ nìyẹn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ó lé. Lẹ́nu gbogbo rẹ̀, bọ́ọ̀lù ló ń sọ. Mo wá rí i pé kì í kàn sọ ọ́ lásán. Ìgbà tí téèpù bá fẹ́ kọjá lórí ikùn gan-an ló máa ń béèrè ìbéèrè: "Nínú Osimhen àti Lookman, ta lo máa kọ́kọ́ mú?" Ọmọ náà á la ẹnu, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ikùn á padà síbi tó wà. Ẹni tó ń gbèjà Osimhen kò lè sé èémí.

Mo rántí ohun kan tí mo ti kà nípa iṣẹ́ aránṣọ nílẹ̀ Yúróòpù. Kí téèpù oníǹṣì tó gbòde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, bébà gbọọrọ ni télọ̀ fi ń wọn ènìyàn. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní bébà tirẹ̀. Wọ́n á fi àlùmọ́gàjí gé etí rẹ̀ níbi tí èjìká dé, níbi tí àyà dé, níbi tí ìbàdí dé. Kò sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀. Bébà yẹn kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé o tóbi ju lágbájá lọ, torí pé kò mọ lágbájá. Téèpù ló kọ́ wa ní ìfiwéra. Mo sọ fún télọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ̀ nípa ti òyìnbó, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ kò jẹ́ kí òun pe nọ́ńbà obìnrin rí, òun sì rò ó pé kí ló dé tí ti ọmọdé á fi yàtọ̀.

Ohun tó wọ̀n pọ̀ ju èyí tí mo retí lọ. Ìbàdí, ìdí, láàpù, orúnkún, bọ́tọ̀mù, gígùn, ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó tún wọn ìbàdí nígbà tí ọmọ jókòó, ó sì kọ ọ́ lọ́tọ̀. Ó jẹ́ kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó le, ó wọ̀n láti ibi tí rọ́bà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dé orí pákó, láti mọ bí ṣòkòtò ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó kí ó tó pín sí ẹsẹ̀ méjì. Ó wọn èjìká lórí egungun: ó fi ìka wá orí egungun náà bí ẹni ń wá bọ́tìnì lábẹ́ aṣọ, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń ṣì í nìyẹn. "Egungun ọmọ ọdún 11 ni. Ẹran ló pọ̀, egungun ò pọ̀ sí i." Ìdí nìyẹn tí èjìká ṣẹ́ẹ̀tì ńlá tí wọ́n ń rà ní ṣọ́ọ̀bù fi máa ń já sí ìdajì apá, tí ọmọ á dà bí ẹni tó yá aṣọ bàbá rẹ̀ wọ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní kó wọ ṣòkòtò tí a ti rà tẹ́lẹ̀, èyí tó ń dààmú wa, kó dúró lójú ìmọ́lẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ pátápátá, ó kà á. Ìlà tó ta látibi ìpàdé itan lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ: itan fún. Ẹnu àpò tó yà bí ẹnu ọmọ ẹyẹ: ìdí fún, kì í ṣe àpò ló bàjẹ́. Aṣọ tó ká jọ lẹ́yìn lábẹ́ báǹdì: wọ́n fi ẹ̀yìn àgbàlagbà rán an fún ọmọdé. Báǹdì tó yí síwájú: ìdí nìyẹn tí ọwọ́ òsì fi ń fà á. Ó sọ gbogbo èyí fún mi ní ohùn ìsàlẹ̀, ó sì ń pè é ní ẹ̀bi ṣòkòtò. Kò pè é ní ẹ̀bi ọmọ lẹ́ẹ̀kan. "Ṣòkòtò yìí kò mọ ìjókòó." "Ṣòkòtò yìí kò gbọ́n." Ọmọ náà ń gbọ́. Mo rí i tó wo ṣòkòtò náà bí ẹni ń wo olè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú.

Mo padà lọ ní ọjọ́ kẹta, èmi nìkan, láti wo bó ṣe máa gé e. Ẹ̀gbọ́n mi ní iṣẹ́ kò dí mi lọ́wọ́ ni.

Ṣómólú ni ìdí iṣẹ́ ìtẹ̀wé l'Ékòó, bébà tó bàjẹ́ kò sì wọ́n níbẹ̀. Bébà yẹn ni télọ̀ yìí fi ń gé pátánì. Ti ọmọ wa, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kan tí àwọ̀ rẹ̀ kò bára mu ló gé e lára. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣòkòtò náà ní àwòrán wòlíì kan tí imú rẹ̀ di méjì. Ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ, ó fi ṣọ́ọ̀kì tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, kò sì yára.

Lára ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí máa ń fẹ̀ ju ìbàdí lọ dáadáa. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni télọ̀ ń fi pílíìtì jẹ. Lára ọmọ tó sanra, àlàfo yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Télọ̀ tó bá tẹ̀lé àṣà ọwọ́ tó ṣe pílíìtì síwájú, ńṣe ló tún gba aṣọ lọ́wọ́ ẹni tí aṣọ kò tó tẹ́lẹ̀. Tiwa kò ní pílíìtì kankan. Iwájú rẹ̀ lọ gbọọrọ, ó tẹ̀ díẹ̀ lókè láti gba abẹ́ ikùn, níbi tí rọ́bà ọjọ́sí ti fi hàn wá. Ẹ̀yìn gùn jù ú lọ, ó dàgẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá jókòó, ìdí ló ń fa aṣọ. Bí ẹ̀yìn bá kúrú, báǹdì á ya kúrò lára, gbogbo kíláàsì á rí pátá. Láàpù fẹ̀. Láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, ó rọra ń fà á wọlé, ó sì tẹnu mọ́ ọn fún ọmọṣẹ́ tó fi fóònù sílẹ̀ díẹ̀ láti wò: "Ọmọ tó sanra kì í sanra ní ọrùn ẹsẹ̀. Tó o bá fẹ gbogbo ẹ̀, àpò gààrí lo rán."

Ibi tí itan méjèèjì ti ń ha ara wọn ni ṣòkòtò irú ọmọ yìí ti máa ń kọ́kọ́ ya, kó tó ya níbòmíràn rárá. Ìyá ọmọ náà ti sọ ṣòkòtò mẹ́ta nù torí ìyẹn, bẹ́ẹ̀ gbogbo ibi tó kù lára wọn ṣì dúró. Télọ̀ gé aṣọ rírọ̀ méjì, ó gé wọn ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè máa nà, ó tẹ́ wọn sínú itan lọ́tùn-ún lósì. Kò sí ẹni tó máa rí i. Báǹdì náà ní ọgbọ́n tirẹ̀: rọ́bà wà nínú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì lẹ́yìn nìkan, iwájú kò ní, iwájú tẹ́jú bíi ti ṣòkòtò ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì. Ẹni tó bá fi rọ́bà yí gbogbo ìbàdí po, ó ti kọ "ọ̀rọ̀bọ̀" sára ọmọ láìlo ẹnu.

Bó ṣe wà lẹ́nu èyí ni a gbọ́ Obioma, télọ̀ tó ń kiri, tó ń bọ̀, kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́, àlùmọ́gàjí tí wọ́n ń pa lẹ́nu kiri àdúgbò, ẹ̀rọ lórí èjìká. Mo ní ṣé irú wọn kò lè tú ṣòkòtò tó fún ọmọ wa? Mo rò pé ó máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe é. Ó ní Obioma á tú u bí ohun tí yóò tú bá wà nínú rẹ̀. Ó yí ọ̀kan nínú ṣòkòtò ṣọ́ọ̀bù padà, ó fi hàn mí: aṣọ tó kù sínú ojú ìrán kò tó ìdajì íǹṣì, wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní wífìn so etí rẹ̀ pa. "Kí ni Obioma fẹ́ tú níbí?" Tirẹ̀, ó fi íǹṣì méjì sílẹ̀ nínú ojú ìrán ẹ̀yìn, láti báǹdì sọ̀ kalẹ̀. Báǹdì fúnra rẹ̀, ọ̀nà méjì ló gé e, kì í ṣe ọ̀kan gbọọrọ, kí ojú ìrán ẹ̀yìn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ojú ìrán yẹn ló rán kẹ́yìn, òun ló sì máa kọ́kọ́ tú bí ọmọ bá dàgbà.

Ìyẹn mú mi ronú kan ṣòkòtò bàbá wa. Kẹ́mbẹ̀ ni, olókùn. Kò ní nọ́ńbà, kò ní bọ́tìnì tó lè já. Ọdún tí wọ́n sanra, wọ́n dẹ okùn. Ọdún tí àìsàn dé, wọ́n fà á. Bùbá àti agbádá kò béèrè lọ́wọ́ ikùn pé báwo ló ṣe wà, ẹni tó ki gan-an ni agbádá ń yẹ jù. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè wọ kẹ́mbẹ̀ lọ sí JSS1, mo sì fura pé ọmọ náà kò fẹ́ aṣọ tó máa bo òun mọ́lẹ̀ bó ti wù kó gbayì. Irú tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti le. Aṣọ tó gba ènìyàn láàyè kò ṣòroó rán. Èyí tó gba ènìyàn láàyè tí kò sì yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì ló ń fi télọ̀ hàn.

Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù, nítorí ohun tó ṣe lòdì sí ohun tí gbogbo wa ń rò. Mo ti ń rò pé ọmọ tí apá rẹ̀ tóbi, kí ihò apá aṣọ rẹ̀ jìn ni. Télọ̀ ní rárá. Ó ní kí n gbé apá mi sókè nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀. Gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì náà bá apá mi gòkè, ìdodo mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. "Ẹ rí i? Ihò apá yín jìn ju abíyá lọ. Tẹ́ ẹ bá ti gbápá, ẹ ti gbé gbogbo aṣọ nìyẹn." Ihò apá tó bá wà nítòsí abíyá dáadáa, apá nìkan ló ń gòkè, ara aṣọ á dúró. Ó wá fẹ apá aṣọ náà fúnra rẹ̀ kó gba ẹran ọmọ. Ọmọ tó bá ń nawọ́ ní kíláàsì kò gbọ́dọ̀ máa ṣí ikùn. Ó tún fi nǹkan bí íǹṣì kan àbọ̀ kún gígùn iwájú ju ti ẹ̀yìn lọ. Ikùn máa ń jẹ aṣọ, bí ìsàlẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn bá dọ́gba lórí tábìlì, iwájú á kúrú lára. Lórí tábìlì, ṣẹ́ẹ̀tì náà dà bí èyí tí wọ́n gé wọ́. Ìgbà tó wọ ara ló tó gún.

Kì í ṣe pé kò ní àléébù. Tọ́sìdeé ló dá, Sátidé tó tẹ̀ lé e la rí i, irọ́ tó sì pa láàárín méjèèjì, òkú ìyá àgbà kan wà nínú rẹ̀ tó jọ pé ó ti kú rí. Ojú bọ́tìnì rẹ̀ kò dára, òun náà mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń kó wọn lọ fún ẹnì kan ní Bárígà tó ní ẹ̀rọ rẹ̀. Tí mo bá ní kí n sọ òótọ́, owó rẹ̀ ga. Àmọ́ kò fi kọ́bọ̀ kan lé e nítorí pé ọmọ sanra, mo sì mọ ibi tí wọ́n ti ń fi lé e.

Lọ́jọ́ tí ọmọ wá yẹ̀ ẹ́ wò, òwú ọwọ́ funfun gbàràgàdà ṣì wà lára rẹ̀ káàkiri. Télọ̀ yí i ká lẹ́ẹ̀mejì láìsọ̀rọ̀. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó dijú kan. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọ̀gá mi, èjìká wo lo fi ń gbé báàgì lọ sílé ìwé?" Ọmọ ní ọ̀tún. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ ju òsì lọ, bóyá kò tó ìdá mẹ́rin íǹṣì. Èmi kò lè rí i pẹ̀lú bó ṣe ń fi ìka hàn mí. Ó tú òwú èjìká yẹn, ó gbé e wọlé díẹ̀, ó tún fi abẹ́rẹ́ mú un. Ìlà kan tó ti ń ta kọjá lórí àyà láti ìgbà tí ọmọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà dédé pòórá.

Nígbà tí a wá kó wọn, ṣòkòtò méjì àti ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ó yí ṣòkòtò kan padà kí ọmọṣẹ́ tó ká a sínú nylon. Ó fi ojú ìrán ẹ̀yìn hàn mí. Ìlà ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta ló wà nínú íǹṣì méjì tó fi sílẹ̀ yẹn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ká mú un wá, ìlà àkọ́kọ́ nìyẹn. Tí a bá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ká sáà fi ìlà náà hàn án.

A gun afárá lọ sí òdìkejì láti wọkọ̀. Ọmọ náà ti kọ̀ láti bọ́ ṣòkòtò tuntun. Ó ń gun àtẹ̀gùn níwájú mi, ó gbé nylon ṣẹ́ẹ̀tì lé èjìká òsì (mo ti sọ fún un pé kó máa pààrọ̀), ọwọ́ òsì náà ló fi dì í mú. Ọwọ́ ọ̀tún ń nàka sí bọ́ọ̀sì BRT tó ń kọjá lábẹ́ wa, ó ń kà wọ́n. Ó ti ka mẹ́fà kó tó yíjú bi mí ìdí tí mo fi ń wo ẹ̀yìn òun.